Oṣù Kan Tí Mo Fi Bá Ẹ̀rọ Tí Kò Ṣẹ̀ Mí Jà

Ìṣẹ́jú kejìlélógún ló ṣẹlẹ̀. Ètò ìdárayá ọjọ́ náà ní kí n máa tẹ wáàtì 210, ìyẹn ìwọ̀n agbára ẹsẹ̀ mi, fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ, mo sì ti wọ ìṣẹ́jú kẹta rẹ̀. Òógùn ń kán tó, tó, tó sórí ẹní tí mo tẹ́ sábẹ́ kẹ̀kẹ́ tí mò ń gùn lójú kan nínú ilé. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, nọ́ńbà tó wà lójú kọ̀ǹpútà di 0. Ẹsẹ̀ mi ṣì ń yí, ẹ̀rọ ṣì ń kùn lábẹ́ mi, ṣùgbọ́n lójú kọ̀ǹpútà, mo ti dúró gbagidi. Mo dẹwọ́ díẹ̀ kí n lè wo ohun tó dé. Ibẹ̀ ni mo ti ṣì í. Bí nọ́ńbà ṣe padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà tàbí méje, pẹ́dà le mọ́ mi lẹ́sẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń gun kẹ̀kẹ́ gba inú ẹrẹ̀.

Mo pariwo. Ọmọ mi yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Dádì, ṣé kò sí?" Mo ní kò sí. Irọ́ ni. Ìgbà kẹrin nìyẹn láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Mò ń kọ èyí nítorí pé oṣù kan gbáko ni mo fi wá ojútùú síbi tí kò sí. Mo dá ẹ̀rọ kan padà fún àwọn tó tà á láìnídìí, mo fòfin de microwave nínú ilé ara mi, ó sì kù díẹ̀ kí n pa kẹ̀kẹ́ tì pátápátá. Bí ẹnì kan bá ka èyí, tí kò sì gba ọ̀nà tí mo gbà, ó tó mi.

Fún ẹni tí kò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí rí: trainer ni ẹ̀rọ tí a máa ń gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ nínú ilé. A ó yọ táyà ẹ̀yìn, a ó fi ṣéènì kọ́ ẹ̀rọ náà, yóò wá máa di ẹsẹ̀ wa mú bíi pé òkè là ń gùn. Kò sí wáyà láàárín òun àti kọ̀ǹpútà, ìgbì rédíò ló fi ń ròyìn iye wáàtì tí à ń tẹ̀. Bẹ́líìtì tí mo dè mọ́ àyà ń sọ bí ọkàn mi ṣe ń lù. Sẹ́ńsọ̀ kékeré kan lára irin tó gbé pẹ́dà ń ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ mi yí ní ìṣẹ́jú kan. Ẹnu mẹ́ta, etí kan. Bí mo bá wá lo ètò tí wọ́n ń pè ní ERG, kọ̀ǹpútà ló ń pàṣẹ fún trainer pé 210 ni o, má jẹ́ kó dín. Bí ẹsẹ̀ mi bá falẹ̀, ẹ̀rọ á fi ẹrù kún ẹrù kí wáàtì má bàa já wálẹ̀. Bí mo ṣe bá ara mi nínú ẹrẹ̀ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn: èmi ni mo dẹwọ́. Ní báyìí, bí nọ́ńbà bá di 0, n kì í wò ó mọ́, mo kàn ń yí ẹsẹ̀ mi bí mo ṣe ń yí i bọ̀.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ bínú sí ni trainer. Tuntun ni, òun ló wọ́n jù nínú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, mo sì gbà pé òun náà ló jẹ̀bi. Mo kọ lẹ́tà sí àwọn tó tà á fún mi, lẹ́tà tí ojú ń tì mí láti tún kà báyìí. Wọ́n gbà á padà láìjiyàn, wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mi ò fi fẹsẹ̀ kan pẹ́dà. Òmíràn dé, mo gbé e síbi tí ti àkọ́kọ́ wà gan-an, mo so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìṣẹ́jú kọkàndínlógún, 0.

Bí èèyàn bá pààrọ̀ ẹ̀rọ, tí àìsàn kan náà sì padà wá, ó yẹ kó ti yé e pé inú yàrá ni kó yẹ̀ wò. Kò yé mi. Ohun tí mo sọ ni pé wọ́n tún fi èyí tó bàjẹ́ rọ́pò èyí tó bàjẹ́.

Mo wá ní kí n yẹra fún kọ̀ǹpútà pátápátá. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni tèmi, kò ní Bluetooth. Ohun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní dongle, tí mo kì bọ ojú USB rẹ̀, ló fi ń gbọ́ àwọn sẹ́ńsọ̀ lórí ANT+, ọ̀kan lára ọ̀nà rédíò tí sẹ́ńsọ̀ kẹ̀kẹ́ ń gbà sọ̀rọ̀. Mo gbé áàpù tí mo fi ń gun kẹ̀kẹ́ sórí tábúlẹ́ẹ̀tì, mo ní Bluetooth ni n ó lò. Kó tó dìgbà yẹn, mo ti lọ sínú Settings fóònù mi, mo rí orúkọ trainer níbẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́, ó so pọ̀, inú mi dùn. Mo ṣí áàpù lórí tábúlẹ́ẹ̀tì: kò rí trainer kankan. Mo pa á, mo tàn án. Mo fa wáyà iná yọ. Mo yọ áàpù kúrò, mo tún gbé e wọlé. Ó tó wákàtí kan àbọ̀ tí mo fi wà lórí ìkúnlẹ̀. Gbogbo àkókò yẹn, fóònù mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní yàrá kejì, ó di trainer mú tipẹ́tipẹ́.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi nìyí. Èdè méjì ni ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ kẹ̀kẹ́ ń sọ. ANT+ dà bí akéde tó ń lu agogo káàkiri: ẹni tó bá létí kó gbọ́, ì báà jẹ́ èèyàn mẹ́wàá. Bluetooth dà bí ìpè fóònù: ẹni tó bá kọ́kọ́ pè ló ń bá sọ̀rọ̀, ẹni kejì á pè títí. Àwọn sẹ́ńsọ̀ kan wà tó lè gba ìpè méjì tàbí mẹ́ta pọ̀. Tèmi kò sí lára wọn. Nítorí náà, ẹ má ti inú Settings so sẹ́ńsọ̀ kẹ̀kẹ́ mọ́ fóònù yín. Inú áàpù tí ẹ fẹ́ fi gun kẹ̀kẹ́ gan-an ni kí ẹ ti so ó. Bí ẹ bá ti ṣi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ bíi tèmi, ẹ padà síbẹ̀, ẹ ní kí fóònù gbàgbé rẹ̀. Áàpù tí ilé iṣẹ́ tó ṣe trainer gbé jáde náà, ẹ pa á dáadáa kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí òun náà mọ ọwọ́ dì mú.

Lórí tábúlẹ́ẹ̀tì yìí kan náà, mo tún há síbòmíràn. Android ni. Nígbà tí áàpù bi mí bóyá kó máa mọ ibi tí mo wà, mo ní rárá. Kí ni áàpù fẹ́ fi ibi tí mo wà ṣe nígbà tí kẹ̀kẹ́ mi ò kúrò lójú kan? Àṣé láti Android 6 títí dé 11, áàpù kì í lè wá sẹ́ńsọ̀ Bluetooth láìgba àṣẹ yẹn. Orí Android 12 ni wọ́n ti wá ya wíwá ẹ̀rọ tó wà nítòsí sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣẹ tirẹ̀. Mo yọ̀ǹda fún un, sẹ́ńsọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde wọ̀ọ̀.

Tábúlẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kéré, òógùn mi ń kán sí i lórí, bí òógùn bá sì ti kán sí i, òun fúnra rẹ̀ á máa tẹ nǹkan tí mi ò tẹ̀. Mo padà sórí kọ̀ǹpútà. Mo padà sídìí 0.

Ọjọ́ Sátidé kan, mo fi ìbínú tún gbogbo nǹkan ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo sún tábìlì. Mo yọ dongle kúrò lójú kan, mo tì í bọ òmíràn. Mo pààrọ̀ bátìrì. Mo gbé firmware tuntun, ìyẹn ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà, sínú trainer. Mo pa router tó ń pín Wi-Fi nílé, mo tún un tàn. Ọjọ́ Sátidé dára. Ọjọ́ Àìkú dára. Mo ti ń sọ fún àwọn èèyàn pé mo ti rí i ṣe. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó já lẹ́ẹ̀mẹfà. Mi ò mọ èyí tó ṣe mí lóore nínú márààrún, mi ò sì mọ èyí tó ti padà bàjẹ́. Ọjọ́ yẹn ni mo fi aṣọ bo kẹ̀kẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ló gbà mí. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ rédíò, kò gun kẹ̀kẹ́ rí láti ìgbà tó ti dàgbà. Mo pè é lórí ọ̀rọ̀ mìíràn ni, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn.

Ó ní, "Níbo ni etí rẹ̀ wà?"

Mo ní, "Etí kẹ̀, ẹ̀gbọ́n?"

"Ohun tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Níbo lo fi sí?"

"Ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ni."

"Kí ló wà láàárín ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà àti ohun tó ń sọ̀rọ̀?"

Mo yíjú wò ó. Àpótí kọ̀ǹpútà, irin ni. Tábìlì. Lẹ́yìn náà, èmi fúnra mi lórí kẹ̀kẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní èèyàn kún fún omi, omi sì máa ń gbé ìgbì rédíò irú èyí mì. Ó ní, "O ní kí ẹnì kan máa gbọ́rọ̀, o wá ki orí rẹ̀ bọ inú ìkòkò, o tún dúró sẹ́nu ìkòkò náà."

Ó bi mí pé kí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dongle. Mo ní ẹ̀rọ tí mò ń kó fáìlì sí ni, ó wà lójú USB tó tẹ̀ lé e, aláwọ̀ búlúù. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ṣàlàyé fún mi pé USB 3.0 máa ń pariwo tí etí èèyàn kì í gbọ́, ariwo náà sì bọ́ sáàárín 2.4 GHz gan-an (ìyẹn nǹkan bíi 2400 MHz), níbi tí ANT+, Bluetooth àti ọ̀pọ̀ Wi-Fi jọ ń gbé. Intel, tí wọ́n wà lára àwọn tó dá USB sílẹ̀, kọ ìwé lórí rẹ̀ fúnra wọn ní 2012. Èmi ti fi dongle sẹ́nu ariwo náà tààrà.

Àṣẹ méjì ló pa fún mi. Èkíní: wá wáyà USB gígùn, kó o gbé etí lọ bá ẹnu. Èkejì: bẹ̀rẹ̀ láti òní, nǹkan kan ṣoṣo ni kó o máa yí padà, kó o sì máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Wáyà mítà méjì ni mo lò, USB 2.0 lásán. Mo fi ike alẹ̀mọ́ lẹ dongle mọ́ ẹsẹ̀ àpótí ìjókòó kékeré kan, mo gbé e sílẹ̀ nítòsí trainer, kò tó ìdajì mítà síra wọn. Mo yọ ẹ̀rọ fáìlì kúrò. Ìgbà tí ó máa ń já fún mi lẹ́ẹ̀marùn-ún tàbí mẹ́fà lálẹ́ kan, ó já lẹ́ẹ̀kan péré. Mo kọ ọ́ sínú ìwé: *Wáyà. Ó já lẹ́ẹ̀kan, 7:14.*

Ìwé yẹn ló là mí lójú. Mo gun kẹ̀kẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kò já rárá. Mo gùn ún ní alẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, ó já lálẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, aago méje sí mẹ́jọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú wọn, mo gbọ́ tí microwave ké pípì ní kíṣìnì kété lẹ́yìn tí nọ́ńbà mi di 0. Mo bọ́ sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ tòun ti bàtà, mo kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan microwave mọ́ bí mo bá wà lórí kẹ̀kẹ́. Ìyàwó mi wò mí láti òkè délẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Ohun tó ṣe burú ju ọ̀rọ̀ lọ: ó tẹ̀ lé òfin náà.

Èyí tó dùn mí jù ni pé mo ní àwíjàre. Microwave ń lo nǹkan bíi 2450 MHz, ìgbì rẹ̀ díẹ̀ sì máa ń yọ́ jáde. Àmọ́ ọjọ́ méjì lẹ́yìn òfin, a kò tan microwave, aago méje ó lé ogún ìṣẹ́jú, 0.

Mo wá jókòó, mo bi ara mi léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé wa láàárín aago méje sí mẹ́jọ. Ọmọ mi ń wo fídíò. Ìyàwó mi ń wo fídíò. Router ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú, orí tábìlì kan náà tí kọ̀ǹpútà wà ló sì jókòó sí.

Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà ṣàlàyé rẹ̀, torí ibí ni ọ̀rọ̀ ti yé mi. Ojú kan ni ANT+ ti àwọn sẹ́ńsọ̀ kẹ̀kẹ́ máa ń dúró sí, 2457 MHz, kì í kúrò níbẹ̀. Bluetooth irú èyí tí sẹ́ńsọ̀ ń lò ní ìkànnì 40, ó sì máa ń fò láti orí ọ̀kan bọ́ sí òmíràn, bí ibì kan bá há, á sá níbẹ̀. ANT+ kì í sá. Wi-Fi ẹ̀wẹ̀, àárín ìkànnì 1 rẹ̀ jẹ́ 2412 MHz, ti ìkànnì 6 jẹ́ 2437, ti ìkànnì 11 jẹ́ 2462. Ó sì máa ń gba àyè tó tó 20 MHz, mẹ́wàá lápá òsì, mẹ́wàá lápá ọ̀tún. Ẹ ṣírò ìkànnì 11: láti 2452 dé 2472. Inú rẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ mi jókòó sí, bí ẹni tó tẹ́ ẹní sójú títì tó wá ń bú ọkọ̀ tó ń kọjá.

Mo wọ inú router. Ó ti fi ara rẹ̀ sórí ìkànnì 11. Kì í ṣe èmi ni mo yàn án, ó wà lórí èyí tó máa ń yàn fúnra rẹ̀. Ìgbà náà ni mo wá mọ ohun tó fún mi ní ọjọ́ méjì àlàáfíà lẹ́yìn Sátidé ìbínú yẹn: ó dájú lójú tèmi pé bí mo ṣe pa router tí mo tún un tàn, ó bọ́ sórí ìkànnì mìíràn, kó tó tún padà. Ètò tuntun, bátìrì, tábìlì tí mo sún, kò sí èyí tó kàn nínú wọn.

Mo fi router sórí ìkànnì 1, mo sì kó fóònù àti tẹlifíṣọ̀n lọ sórí Wi-Fi 5 GHz, tó jìnnà sí 2.4 GHz. Mo kọ ọ́ sínú ìwé. Ọ̀sẹ̀ kan, kò já.

Ti bẹ́líìtì àyà yàtọ̀ sí gbogbo èyí, mo sì dárúkọ rẹ̀ torí ó ṣì mí lọ́nà gan-an. Ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í mú ara gbóná, ẹsẹ̀ mi ń rọra yí, ó ní ọkàn mi ń lù ní 191 ní ìṣẹ́jú kan. Mo kọ́kọ́ ka èyí mọ́ ọ̀ràn jíjá. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì rẹ̀ kò ní àbùkù kankan, irọ́ ló ń gbé wá dáadáa. Awọ ara mi tó gbẹ ló fà á: ibi dúdú méjì tó wà nínú bẹ́líìtì náà nílò omi kí wọ́n tó lè gbọ́ ọkàn, èmi sì ń dè é ní gbígbẹ kí òógùn tó dé. Mo ń fi omi pa á báyìí kí n tó dè é. Fáànù náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀: bí ó bá ń fẹ́ ẹ̀wù tó fẹ̀, tó jẹ́ aṣọ oníke, ẹ̀wù náà á máa ha ara bẹ́líìtì, iná kékeré inú aṣọ á sì máa da nọ́ńbà rú. Ẹ̀wù tó mọ́ ara ni mo ń wọ̀. Bí mo bá parí, mo máa ń yọ sẹ́ńsọ̀ kúrò lára bẹ́líìtì, torí bí omi bá ṣì wà lára bẹ́líìtì, ó máa rò pé èèyàn ṣì wà níbẹ̀, á máa jẹ bátìrì lọ.

Lórí bátìrì: CR2032 ni, onípẹlẹbẹ, 3 volt. Àwọn kan wà tí wọ́n fi nǹkan kíkorò kùn kí ọmọdé lè tu ú dànù bó bá fi sẹ́nu. Ohun rere ni, torí bátìrì yẹn léwu púpọ̀ bí ọmọ bá gbé e mì. Àmọ́ kíkùn náà lè má jẹ́ kí irin kan irin nínú sẹ́ńsọ̀ kan. Tèmi tuntun, láti inú páálí, kò jí rárá. Mo fi èyí tí wọn kò kùn sí i, ó jí lójú ẹsẹ̀. Mo sì ti fẹ́ sọ sẹ́ńsọ̀ náà nù.

Windows náà ní ètò kan tó máa ń pa ojú USB tó bá rò pé kò níṣẹ́, kí iná má bàa ṣòfò. Mo ti pa ètò náà. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú méjì.

Ó ku ọ̀rọ̀ microwave. Òfin mi ṣì wà nílẹ̀ ní gbogbo ìgbà yìí, mo ti gbàgbé rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, mo wà ní ìṣẹ́jú kejìlélógún, 210, òógùn ń kán, ọmọ mi sì yọ orí lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́.

"Dádì, ṣé ẹ máa tó parí ni? Mo fẹ́ gbé oúnjẹ mi gbóná."

Mo ní kó lọ tàn án. Ó dúró, ó ń wò mí, bóyá mò ń dán an wò ni. Mo ní, "Lọ tàn án, mo fẹ́ rí nǹkan." Mo gbọ́ bó ṣe ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, mo gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo tẹjú mọ́ nọ́ńbà. 211. 209. 210. 212. Ó kùn títí fún ìṣẹ́jú méjì, ó ké pípì, ọmọ náà sì pariwo láti kíṣìnì pé, "Ṣé ó já?"

Mo ní, "Kò já. Sọ fún mọ́mì ẹ."